Ìlà Tí Mo Gé Dànù

Báábà tó wà ní Abúlé Òkúta ló kọ́kọ́ sọ tiẹ̀ létí mi. Ó ń fá orí mi lọ́wọ́, kásẹ́ẹ̀tì kan ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní, "Orin yìí don enter my head o! Mo dé ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, mo lanu láti kọrin ìyìn, òun ló já bọ́ lẹ́nu mi." Télọ̀ tó wà lódìkejì pòṣé láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀: "Kí ló wà níbẹ̀? Orin tí kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ! Ọmọdé á kọ ọ́." Kò pẹ́ ló tún nahùn: "Ẹ dá a padà síbẹ̀rẹ̀ jàre." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọrin yẹn, yàrá kan náà la jọ gbé fún ọdún méjì ní Ladi-Lak, l'Ékòó. Kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí mo rò. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí èyí tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀ ti ba nǹkan jẹ́ tó.

Ìgbà yẹn, àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba fún alágbádá ni. Ìdí ọ̀bẹ ni mo wà nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, èmi ni mò ń gé pépà. Ọ̀rẹ́ mi yìí wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ló ti kọ́ gìtá. Kò sí ilé-iṣẹ́ agbórinjáde kankan tó gbà á. Fúnra rẹ̀ ló kọrin, ló ta gìtá, ló gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá ẹnì kan ní Bàrígà. Nítorí tèmi ló ṣe gbé jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìwé kékeré tí wọ́n ń ká sínú ike kásẹ́ẹ̀tì, wá sọ́dọ̀ wa fún títẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wálé. Ó jókòó sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ jọ. "Òótọ́ ni kó o sọ fún mi o."

Ojú kìíní parí. Ó fẹ́ yí i sí ojú kejì, mo ní kó fi sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀rín ni gbogbo ẹ̀. Èyí tó o máa ń kọ fún ìyá ẹ tó kú, nígbà tó o bá rò pé mo ti sùn, ńkọ́? Àbí o ò fẹ́ káyé mọ̀ pé o máa ń sunkún ni?"

Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó ní, "Mo gbọ́."

Ẹyin lohùn, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ n kúkú jẹ́wọ́: ìlara wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Orin náà dùn, inú ń bí mi pé ó dùn.

Ní Mọ́ńdè, jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ìdí ọ̀bẹ mi. Àwa agépépà kì í kàwé. Àmì ibi tó yẹ ká gé là ń wò. Ọ̀gá mi máa ń sọ ọ́ pé ẹni bá ń kàwé nídìí ọ̀bẹ, ọ̀bẹ á bá a ka ìka ẹ̀. Mo to pépà, mo wo àmì, mo gé e, etí rẹ̀ bọ́ sínú pàǹtí. Mo mú ọ̀kan tí a ò tíì gé, tí yíǹkì ti dà sí, lọ sílé. Mo da ojú rẹ̀ délẹ̀, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ìkòkò lórí pẹpẹ wa.

Nígbà tó wá kó ẹrù rẹ̀ nílé ìtẹ̀wé, ó ṣí ọ̀kan. Ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí, ó wá wò mí.

"Ìwọ lo gé e?"

"Èmi ni. O ò rí i bó ṣe mọ́!"

"Ó dáa. O ṣeun."

Kí ó tó di Fúráìdè, ó ti gbé gìtá àti ẹní rẹ̀ lọ. Mo ní, torí pé mo sọ òótọ́? Kó máa lọ! Ta ló ń bẹ̀ ẹ́? Ṣùgbọ́n ìrẹsì ẹni méjì ni mo ṣì ń sè. Ara mi ò tètè gbà pé mo dá wà. Orin rẹ̀ wá gba àdúgbò kan. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn, ó ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Lọ́jọ́ kan, Àlàájà onílé wa dá mi dúró. "Ọ̀rẹ́ ẹ yìí mà ń pa mí lẹ́kún o. Èyí tó kẹ́yìn lójú kejì, tó kọ fún ìyá ẹ̀."

Mo ní, "Àlàájà, ẹ má bínú, kò sí nínú ẹ̀."

"Èmi ni mo ń purọ́?" Ó wọlé lọ gbé e sí i. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dúpẹ́. Mo wá ọ̀rẹ́ mi dé ṣọ́ọ̀ṣì tó ti máa ń ta gìtá. Wọ́n ní ó ti kúrò l'Ékòó, kò sọ ibi tó ń lọ.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, mo ń kó lọ sí etí omi ní Bàrígà. Mo sọ ìkòkò kalẹ̀, mo ká pépà tó wà lórí pẹpẹ, mo yí i síwájú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo ka jákẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti há ìlà kan mọ́ ibi tí kò sáàyè:

"Ìwọ tá a jọ ń gbé yàrá, gbogbo ayé á sọ tẹnu wọn. Tìẹ ni mò ń retí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹrù, mo sunkún. Ó rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ gé ara mi kúrò níbẹ̀ ni. Nígbà tó yá, mo mú rúlà. Ìlà náà fi ìbú èékánná kan kọjá àmì. Bí wọ́n bá gbé e wá sídìí ọ̀bẹ mi lónìí, màá tún gé e.