Ẹnu Sájẹ́ńtì Tubbs

Ó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀, kí ìtàn má baà gbàgbé, pé Sájẹ́ńtì Verlene Tubbs ti ìlú Harlow Creek ní Texas máa ń bá èèyàn parí ọ̀rọ̀. Bí o bá ní, "Òjò yìí máa…", yóò ní, "rọ̀ dalẹ́." Ó máa ń bá pásítọ̀ gba àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi, á sì ṣáájú rẹ̀ dé àmín. Níbi tá a ti ń jẹ ẹja díndín lọ́jọ́ Ẹtì kan, Rufus ọkọ rẹ̀ sọ fún wa pé láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí òun ti gbé e níyàwó, òun ò tíì fẹnu ara òun parí gbólóhùn kan. Ó fẹ́ ṣàlàyé sí i, ṣùgbọ́n Verlene ti bá a ṣàlàyé.

Ogún ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ológun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé ìwé girama wa gbà á kó máa kọ́ àwọn kádẹ́ẹ̀tì ní títò, kíká àsíá, dídarí ẹlẹgbẹ́ ẹni, àti ojúṣe ọmọ ìlú rere. Ó mọ iṣẹ́ náà dé góńgó. Ohun kan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ ò tíì tẹ̀: ìràwọ̀ wúrà tí ẹgbẹ́ kádẹ́ẹ̀tì tó bá pegedé máa ń lẹ̀ mọ́ àyà aṣọ.

Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni kọ́nẹ̀lì kan láti ilé iṣẹ́ ológun máa ń wá ṣàyẹ̀wò. Àwọn kádẹ́ẹ̀tì fúnra wọn ni yóò sọ ìṣòro kan tí wọ́n rí nínú ẹgbẹ́ wọn àti bí wọ́n ṣe tún un ṣe. Olùkọ́ yóò jókòó sẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n bi ọmọ kan pé kí ni ojúṣe ọmọ ìlú, Verlene sì dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Kó dìbò." Máàkì já. Nígbà kejì, ó ní òun kàn wúkọ́ ni, ṣùgbọ́n ikọ́ náà gùn, gbogbo ìdáhùn nípa ẹ̀tọ́ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà kẹta, ètè nìkan ló mì. Kọ́nẹ̀lì mọ ètè kà.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin wá dé, òun náà sì ni ìkẹyìn, nítorí pé lóṣù Karùn-ún ni Verlene máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn kádẹ́ẹ̀tì yan Itzel Barrientos ṣe olórí, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ ń tún táyà ṣe lẹ́bàá títì. Itzel kì í kólòlò o. Ńṣe ló máa ń wo ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn kó tó sọ ọ́. Láàrin ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan sí èkejì, o lè lọ bu kọfí kó o sì padà bá a níbẹ̀.

Lóṣù Kẹsàn-án, ó wọlé wá bá Verlene. "Sájẹ́ńtì, iṣẹ́ àtúnṣe wa, a fẹ́…"

"Ẹ fẹ́ kun yàrá tá à ń kó aṣọ sí."

"Rárá mà. A fẹ́…"

"Ẹ fẹ́ gbin òdòdó síwájú ọgbà. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Itzel mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: A fẹ́ yàn án fúnra wa, a ò sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ títí di ọjọ́ àyẹ̀wò.

Verlene kà á. "Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn," ló wí.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìwà àwọn ọmọ náà ti yí padà. Bí Verlene bá ti bá ọ̀kan parí ọ̀rọ̀, onítọ̀hún á ní, "Ẹ ṣeun mà," á sì bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà látìbẹ̀rẹ̀. Verlene ń fi wọ́n yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Ẹ ò rí ẹ̀kọ́ tí mo fi kọ́ wọn? Wọn ò lè ṣe kí wọ́n má dúpẹ́." Ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà ń jẹ àkókò. Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán ti tutù mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó rí i pé ó yá jù kí òun jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Kọ́nẹ̀lì Whitcombe jókòó síwájú, Verlene jókòó sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú.

"Kọ́nẹ̀lì, ẹ káàárọ̀ sà," Itzel wí. "Ìṣòro tí a rí ni pé…" Ó dákẹ́. Ètè Verlene gbọ̀n, ó fi eyín dè é. "…Sájẹ́ńtì wa kì í jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀."

Ó gbé ìwé ńlá kan sókè. Lóṣù Kẹsàn-án, ìgbà mẹ́tàlélógójì ló já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu nínú kíláàsì kan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí dúpẹ́. Lóṣù Kejì, ìgbà mẹ́fà.

Kọ́nẹ̀lì yíjú sẹ́yìn. "Sájẹ́ńtì, ṣé òótọ́ ni?"

Ẹnu Verlene ti ṣí. Itzel ní, "Ẹ má bínú sà. Òfin ní wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

Ẹnu náà padé. "Òfin ni lóòótọ́," kọ́nẹ̀lì wí. "Kí lẹ wá rí kọ́ níbẹ̀?"

"A kọ́ pé…" Itzel dákẹ́. A gbọ́ tí fáànù ń yí. Bàtà ẹnì kan dún. Ara kọ́nẹ̀lì fúnra rẹ̀ ò gbà á mọ́, ló bá já lu ọ̀rọ̀ náà: "Pé olórí gbọ́dọ̀…"

"Ẹ ṣeun sà," gbogbo kádẹ́ẹ̀tì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"A kọ́ pé," Itzel bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, "èèyàn lè fẹ́ràn ọ̀gá ẹni, kéèyàn sì sọ fún ọ̀gá náà pé ó ń ṣàṣìṣe. Kó ṣáà ti ka iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀ dáadáa, kó sì ní sùúrù."

Máàkì mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n gbà, ìràwọ̀ wúrà sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Níta, Itzel wá dúró níwájú Verlene, ó nà ṣánṣán. "Ṣé ẹ bínú sí wa ni, mà?"

"Èmi…" Verlene wí. Itzel dúró. Kò bá a parí rẹ̀. "…orí mi wú," Verlene wí nígbà tó yá.

Ní àyè tó kan olùkọ́ nínú ìwé èsì, kọ́nẹ̀lì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: Kò ṣe nǹkan kan. Ó dára gan-an. Verlene ti fi dígí bò ó, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, lókè àwọn àmì ẹ̀yẹ ogún ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ta ló tún wà láàrin yín tí ìjọba ti kọ̀wé yìn rí nítorí pé kò ṣe nǹkan kan?