Apá Tí Mo Fi Kún Tábìlì Ayùn

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì gùn, ó sì ṣókùnkùn. Yàrá ló wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà ní òpin. Yàrá tí ó kángun sí ilẹ̀kùn yẹn ni mo sọ di ibi iṣẹ́ igi lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. N kò kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, mo sì ń wo fídíò lórí fóònù. Ohun tó tóbi jù nínú yàrá náà ni ẹ̀rọ ayùn, irú èyí tí abẹ roboto rẹ̀ máa ń yọ sókè láàárín tábìlì irin.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin padà wá gbé inú ilé náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa tábìlì yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní òkè òkun. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló ṣe fún ìjọba ní Àgodi títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àìsàn ojú kan ti wá mú un, èyí tí ó máa ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló pè mí lórí fóònù tó sọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ kò bá mi sọ ọ́, èmi náà kò sì bi í. Mo kàn ń rí i pé ó máa ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn bó bá ń kọjá, yóò wá dúró díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Mo pinnu láti kan igi ìdìmú mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ẹnu yàrá rẹ̀ dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n igi onígun mẹ́rin máa ń dun ọwọ́. Ó yẹ kí n gbẹ́ etí rẹ̀ kó rí roboto. Mo ní ráútà, irinṣẹ́ oníná tí ẹnu rẹ̀ máa ń yí bírí láti gbẹ́ etí igi, àmọ́ igi náà tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Bí mo bá gbé ráútà lé e, kì í jókòó, ńṣe ló ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun tó dáa ni kí ráútà wà lábẹ́ tábìlì, kó kọjú sókè, kí n sì máa ti igi gba orí rẹ̀ kọjá. Kò sí àyè fún tábìlì mìíràn nínú yàrá náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fi apá kan kún tábìlì ayùn, kí ráútà máa gbé lábẹ́ ibẹ̀.

Mo ra plawúùdù ní Bódìjà. Mo lẹ méjì pọ̀ kó lè nípọn, mo lẹ fọ́míkà mọ́ ojú rẹ̀ kí igi lè máa yọ̀ lórí rẹ̀, mo sì gé ihò ráútà sí àárín. Ihò bóòtì ti wà létí tábìlì irin tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo so apá tuntun mọ́, mo wá fi ẹsẹ̀ igi gbé òpin rẹ̀ kejì.

Mo ṣì ń so ó lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lò ń kàn látàárọ̀?"

"Mò ń fẹ tábìlì yìí sí i ni, Bọ̀dá. Ẹ má wọlé o, irinṣẹ́ wà nílẹ̀."

Ó wọlé. Ó rọra ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà títí ó fi dé ìdí tábìlì. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin, ó fà á lọ sórí fọ́míkà, ó tún fà á padà.

"Igi ga ju irin lọ," ó ní. "Lápá ọ̀dọ̀ mi, ó dáa. Lápá ọ̀dọ̀ rẹ ló ti ga."

"Mo ti fi rúlà wò ó, Bọ̀dá. Ó dọ́gba."

"Rúlà wo?"

Mo gbé e fún un. Ó fi ìka tọ etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní ó ti tẹ̀. Ó ní kí n lọ mú rúlà irin tòun wá nínú àpótí, èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ ní Àgodi. Nígbà tí mo gbé e lé ibi tí igi àti irin ti pàdé, mo rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Mo tú àwọn bóòtì, mo fẹ ihò wọn díẹ̀ kí igi lè ráyè sún. Ó gbé ọwọ́ lé ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé, èmi ń fi òòlù kékeré gbá a.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Díẹ̀ sí i. Dúró."

Bí mo ti fún bóòtì le, ó tún yẹ̀. A tún bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó mi kọjá, ó rí ọwọ́ Bọ̀dá nítòsí abẹ ayùn.

"Iná ò sí," mo yára sọ fún un.

"Iná kì í sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó dé," ó ní. Ó yọ pílọ́ọ̀gì lára ògiri, ó gbé e síwájú Bọ̀dá lórí tábìlì, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti kàn án, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Kí lo fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Igi ìdìmú ni. Fún ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Ta ló fẹ́ dì í mú?"

"Gbogbo wa. Àgbà ń dé."

"Èmi ni," ó ní. "Ó yẹ kí o ti bi mí."

"Ẹ̀yin náà ò sọ fún mi, Bọ̀dá."

"Òótọ́ ni. N ò sọ." Ó fọwọ́ nu fọ́míkà bí ẹni ń nu eruku. "Ó dà bí kí èèyàn máa wo ayé láti inú páìpù. Bí mo bá ń wo ojú rẹ báyìí, n ò rí ọwọ́ rẹ."

Mo ṣáà ń fún nọ́ọ̀tì tó ti le tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí iná dé lọ́jọ́ kejì, mo ti igi àkọ́kọ́ gba orí ráútà. Ó kọjá láti orí irin sórí fọ́míkà láìkọ́ níbì kankan. Àmọ́ mo rọra tì í jù, ẹnu ráútà pẹ́ lójú kan, etí igi sì jó dúdú níbi mélòó kan, mo sì fi sáńdípépà ha á kúrò. Kí n tó kàn án mọ́ ògiri, mo ní kí Bọ̀dá dúró kó sọ ọwọ́ sílẹ̀, kí n lè mọ bí yóò ti ga tó. Ó dúró fún mi.

Lẹ́yìn tí mo kàn án tán, fún ìgbà pípẹ́, àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Bọ̀dá ń gbà, kò fọwọ́ kan igi náà. Ìyàwó mi ń sá táwẹ́ẹ̀lì lé e.

Ní Jímọ́ọ̀ kan, nígbà tó ń múra mọ́ṣáláṣí, ó pè mí. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí igi, níbi tí igi ti tán.

"Ibi àlùwàlá níta ńkọ́?" ó ní. "Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀."

"Ẹ fẹ́ kó dé ibẹ̀?"

"Bí igi bá kù."

Igi tó kù kò tó. Mo padà sí Bódìjà, mo ra ìrókò, torí pé òjò yóò máa pa á níta.