Bẹ́ẹ̀ Ni, Bàbá

Mo ti sọ fún àwọn tí a jọ wà nínú ìgbìmọ̀ pé kí a má gbé ìdánwò náà lọ sí Pobè. Kì í ṣe pé mo kórìíra ìlú mi. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni ìyá mi ṣì ń gbé títí di òní. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń ṣe ìdánwò nílé ara rẹ̀ máa ń rántí jù pé ọmọ ẹnìkan lòun, ó sì lè gbàgbé pé dókítà lòun. Wọ́n ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀.

Mẹ́ta ni wá. Iṣẹ́ wa ni láti dán àwọn dókítà ọkàn wò, kí a sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí fún ẹni tó bá lè dá tọ́jú ọkàn tí lílù rẹ̀ ti dàrú: ọkàn tó ń sáré jù, ọkàn tó ń falẹ̀ jù, ọkàn tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ọ̀gá wa jẹ́ àgbàlagbà ọmọ Àjàṣẹ́ tí irun orí rẹ̀ ti funfun báláú. Òun ló kọ́ àwa méjì yòókù níṣẹ́. Ẹnìkejì mi jẹ́ ọmọ Sakété, ọmọ àwọn Mùsùlùmí tó ń ta aṣọ, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń nájà. Kì í sọ ti ẹnu rẹ̀ àfi tó bá ti gbọ́ iye tí àwọn yòókù dá lé e. Èmi nìkan ni obìnrin, èmi sì ni wọ́n ń pè ní onínúfùfù. Wọn kò purọ́ mọ́ mi.

Ẹnìkan ṣoṣo ló wá ṣe ìdánwò lọ́dún náà. Ọmọ Igana ni, lágbègbè Pobè, ọ̀dọ́bìnrin tí bàbá rẹ̀ ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Àwọn olóore kan ti fi ẹ̀rọ tuntun tí a fi ń tọ́jú ọkàn ta ilé ìwòsàn Pobè, níbi tí ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, lọ́rẹ. Ẹ̀rọ náà wà nínú yàrá kan, ọ̀rá tí wọ́n fi dì í kò tíì kúrò lára rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí láti lò ó. Àwọn olóore náà ti sọ ọ́ láìfi bọpobọyọ̀: bí ìdánwò yìí bá parí tí kò sí ẹni tó yege, wọ́n á kó ẹ̀rọ wọn lọ sí ìlú mìíràn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì dàrú ní Issaba tàbí ní Igana á tún máa gba ọ̀nà Kùtọnu lọ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo mọ àwọn tó gba ọ̀nà yẹn tí wọn kò dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà lára wọn.

A ṣe apá kìn-ín-ní ní Sakété. Ìwé tí ẹ̀rọ fi ń ya lílù ọkàn la kó síwájú rẹ̀, ó sì ń kà wọ́n bí ẹni ń ka lẹ́tà láti ilé. Ọ̀gá wa bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè ẹ̀tàn kan. Àṣà rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá fẹ́ dẹkùn fún èèyàn, awò yẹn á kọ́kọ́ kúrò lójú, á máa fi nu etí agbádá. Ọmọ náà fo okùn náà kọjá. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ti awò rẹ̀ bọ àpò, a jẹ àkàsà àti ẹja, a kọrí sí Pobè.

Ní ilé ìwòsàn Pobè, aláìsàn gidi la fẹ́ fi dán an wò: ìyá kan tó jẹ́ àgbẹ̀ láti Issaba, tí ọkàn rẹ̀ ti ń sáré lásárédúró láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ti gbà pé kí a wá. Òfin wa kò ju ẹyọ kan lọ nínú yàrá aláìsàn, ó sì le: kí adánniwò fọwọ́ lẹ́rán, bó tilẹ̀ lè fi ẹnu dán an wò. Bí ọ̀kan nínú wa bá fi dá sí ìtọ́jú náà, ẹni tó ń ṣe ìdánwò ti fìdí rẹmi nìyẹn, nítorí ó túmọ̀ sí pé wọ́n gba aláìsàn lọ́wọ́ rẹ̀.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nọ́ọ̀sì kan dúró níbi ìgbérí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ ilẹ̀ òkè lọ́hùn-ún, láti Natitingou, tí kò tíì pẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ Igana kí ìyá náà, ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó béèrè oko. Ìyá náà ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójijì ó gbá àyà mú.

"Ó tún ti dé o," ó ní. "Ó tún ti gbéra."

Òógùn bò ó. Ẹ̀rọ tu ìwé jáde, ọmọ Igana wò ó, ó nà án sí wa bí àṣà ìdánwò ti rí. Mo rí i láti ibi tí mo jókòó. Ọkàn ìyá náà ní ọ̀nà àbùjá tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ẹni tó bá mọ ẹkùn ilẹ̀ wa yóò tètè lóye rẹ̀. Bí àwọn aṣọ́bodè bá dí ojú títì, ṣé àwọn tó ń fi alùpùpù kó epo kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́, láti Nàìjíríà á padà sílé ni? Inú igbó ni gbogbo wọn á yà sí, wọ́n á sì máa sáré àsápajúdé. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dí ojú títì ọkàn. Ó dára fún ọ̀pọ̀ ọkàn tó ń sáré. Fún irú ọkàn yìí, ikú ni. Iná ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà nínú yàrá náà ni kí a fi gbá a, kíákíá.

Ọ̀gá wa gbé ìwé náà jìnnà sí ojú, ó tún fà á mọ́ra.

"Fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dá eré ọkàn dúró," ó ní. "Má fi falẹ̀."

Mo yíjú wo awò rẹ̀. Kò sí lójú, kò sí lọ́wọ́, kò nu ún mọ́ etí agbádá. Inú àpò ló wà láti Sakété. Bàbá kò dẹkùn fún ẹnikẹ́ni. Kò ríran ka ìwé náà ni. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Èyí tí àgbà sọ yìí, bí ó bá ṣẹ, ìyá yìí kò ní rí alẹ́.

Ọmọ Igana tẹ orúnkún díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá," ó ní. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó kọjú sí ẹ̀rọ iná, ó ń fa okùn rẹ̀ yọ.

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí ibi tí wọ́n ti tọ́ ọ ni wọ́n ti tọ́ èmi náà. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kì í sọ fún àgbà pé ó ti ṣì í. Bí bàbá àgbà bá ní kí a lọ gbin àgbàdo sínú ilẹ̀ gbígbẹ, a ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, a ó gbé ọkọ́, a ó sì lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, yóò rí i pé a kò gbìn ín, kò ní bínú, nítorí a kò já a ní koro lójú èèyàn. Ẹnu a gbà, ọwọ́ a kọ̀. Gbogbo ará Pobè ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ará Pobè. Àgbà pàṣẹ, dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, ó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo fi rí i, ó ti ń ki ẹnu abẹ́rẹ́ náà bọ ọ̀pá omi tó wọ apá ìyá yẹn. Ọmọ Igana kò rí i, ẹ̀yìn ló kọ sí i.

Mo ronú òfin. Mo ronú ẹ̀rọ inú ọ̀rá. Lẹ́yìn náà n kò ronú mọ́, mo ti fò dìde, mo ti di ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà mú.

"Má fún un!"

Abẹ́rẹ́ já bọ́ sílẹ̀. Ọmọ Igana yíjú, ó rí abẹ́rẹ́, ó rí ọwọ́ mi, ojú rẹ̀ fi hàn pé ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun. Ṣùgbọ́n kò dúró ṣọ̀fọ̀ ara rẹ̀. Ojú ìyá náà ti ń yí sókè. "Ẹ kúrò lára rẹ̀!" Iná gbá a lẹ́ẹ̀kan. A dúró, a ń wo ẹ̀rọ. Ọkàn náà dákẹ́ díẹ̀, ó tó kí èèyàn gbàdúrà, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù gbì, gbì, bí ọkàn ọmọlúàbí.

Nígbà tó yá, ìyá náà lajú. "Ta ló fi ẹsẹ̀ ta mí láyà?" ó ní. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín.

A wọ yàrá kékeré kan, a tilẹ̀kùn. Ọmọ Igana dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Òfin ni òfin," ni ọ̀gá wa wí. "Adánniwò dá sí i. Ó ti kùnà."

Inú mi ru. "Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ẹ̀rọ iná, bàbá. Ó mọ ohun tó yẹ."

"Ẹnu rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà níbí nìyẹn."

"Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ará ibí. Ẹnu dókítà ló ń gbọ́, kò lè gbọ́ ọwọ́ rẹ̀."

Ó dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ, pé bàbá ṣì í; èmi tí wọ́n ń pè ní onínúfùfù pàápàá kò sọ ọ́. Mo wo ọmọ Sakété. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí a pè é wọlé. Òfin gbà wá láyè láti bi í ní ìbéèrè kan sí i, ìdáhùn rẹ̀ sì lè yí ìdájọ́ padà."

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀. Ọ̀gá wa fa awò rẹ̀ yọ nínú àpò, ó gbé e sójú, ó mú ìwé ọkàn ìyá Issaba, ó sì wò ó títí. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tí ó rí àṣìṣe ara rẹ̀.

"Ohun tí mo ní kí o ṣe níbẹ̀ yẹn," ó ní, "ṣé mo fi ń dán ọ wò ni, àbí mo ṣì í?"

Ilẹ̀kùn ọ̀wọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kó kàn sọ pé ẹ fi ń dán mi wò ni, bàbá, gbogbo wa á gba ibẹ̀ jáde, àgbà ò ní tẹ́. Mo mọ̀ pé ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn, torí ohun tí ìyá tèmi náà kọ́ mi nìyẹn. Mo di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra lábẹ́ tábìlì.

Omi dà lójú ọmọ náà. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ ṣì í ni. Bí ẹ bá tún sọ ọ́ lọ́la, màá ní rárá, màá sì pariwo ẹ̀ kí gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ lè gbọ́."

Ọ̀gá wa gbé ìwé náà kalẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Ẹni tó máa sọ rárá fún mi kò gbọdọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀."

Ọmọ Igana gbójú sókè, ó wò ó.

"Rárá, bàbá," ó ní. Kò dìde.

Ọ̀gá wa fa ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ra, ó sì na ọwọ́ sí mi pé kí n fún òun ní kálámù.