Orúkọ Keje Nínú Ìwé Ìpàdé

Ní Àgbówó, n'Ìbàdàn, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ, ni Adéfọlárìn Ayẹni ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn láti ohun tó lé lógún ọdún sẹ́yìn. Iye ẹni tó ti bá tẹ̀wé kí wọ́n tó gboyè, òun gan-an ò lè sọ. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ò gboyè.

Ọdún 1996 ni yunifásítì kan, tí kì í ṣe ti Ìbàdàn, lé e, nígbà tó ku oṣù mẹ́ta péré kó parí. Wọ́n ní ó wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tó ṣá akẹ́kọ̀ọ́ kan ládàá lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún. Ẹnìkan nínú àwọn tí wọ́n mú ló dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ìyà pọ̀ lára onítọ̀hún. Fọlárìn ò mọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kankan. Ẹgbẹ́ àríyànjiyàn ló ń ṣe, àwọn tó jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń jà, ìpàdé wọn ló sì wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Ó sọ ọ́, ó sọ ọ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, wọn ò sì gba ẹlẹ́rìí kankan.

Bàbá rẹ̀, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Challenge, kò pariwo. Ó kàn ní kó má wá sí ìjọ òun mọ́, kó wá ibòmíràn lọ. Láti ìgbà náà, bàbá àti ọmọ ń kí ara wọn, wọ́n ń jẹun pọ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn, wọn ò fẹnu bà á.

Lọ́dún tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ náà kéde pé àwọn fẹ́ tún ẹjọ́ àwọn tí wọ́n lé nígbà náà gbé yẹ̀ wò. Kí oníkálukú mú ẹ̀rí wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ìròyìn fi máa dé etí Fọlárìn, ó ku ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá rẹ̀ sì ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, kò dìde lórí ibùsùn mọ́.

Ẹ̀rí wo ló fẹ́ mú wá? Ó rántí Luke Dáramọ́lá, alága ẹgbẹ́ wọn nígbà náà. Luke ló kó gbogbo ìwé ẹgbẹ́ pamọ́ sílé rẹ̀ ní Bódìjà, kó tó kú. Fọlárìn ti ṣọ́ọ̀bù, ó sáré lọ. Àpínkẹ́, opó Luke, ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Àwọn ìwé ẹgbẹ́ àríyànjiyàn tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ni mo bá wá."

"Ṣé èyí tí ikán ń jẹ yẹn? Há! Mo ti kó wọn fún obìnrin kan tó ń ta panla lọ́jà, kó máa fi di ẹja fún oníbàárà."

"Ìgbà wo, mà?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Ó rí i tí ọkùnrin náà jókòó pẹ̀ẹ̀ sórí àtẹ̀gùn. "Ẹ má bínú o. Kò sẹ́ni tó béèrè wọn rí."

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi wá obìnrin náà nínú ọjà Bódìjà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe fóònù rẹ̀ nítorí iṣẹ́ wọn, ó pa á. Lọ́jọ́ kẹta, nínú òjò, wọ́n júwe ìsọ̀ Ìyá Ẹwàolúwa fún un.

"Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle? Mo ti fa púpọ̀ ya nínú ẹ̀," obìnrin náà wí.

Fọlárìn kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

"Yéè! Dádì, ẹ dìde, ẹ má ṣépè fún mi! Kí ló dé?"

Ìyá Ẹwàolúwa bá wọ́ àpò kan jáde lábẹ́ tábìlì. Ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ìpàdé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ló ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó ṣáájú ti bá ẹja lọ sílé onílé. Oṣù karùn-ún ni Fọlárìn ń wá. Ó gbé ìwé náà sílẹ̀, ó di orí mú. Ó ní bí ọkọ̀ bá gbá òun lọ lákòókò yẹn, òun ò ní yà fún un.

Ìyá Ẹwàolúwa ló tún tọwọ́ bọ àpò náà, tó yọ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, èyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń fọwọ́ sí wíwọlé àti jíjáde ní ìpàdé. Òróró ẹja ti rin ín. Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún 1996, ọjọ́ náà gan-an: orúkọ keje, Ayẹni Adéfọlárìn, ó wọlé ní aago méjì, ó jáde ní aago márùn-ún. Ìbuwọ́lùwé Luke wà nísàlẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló gbé e lọ sí yunifásítì náà. Akọ̀wé tó gbà á fọwọ́ bo imú. "Kí ló ń rùn báyìí?"

"Ẹja ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, lẹ́tà dé. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ó sì lè padà wá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Fọlárìn mú un lọ sí Challenge, ó kà á fún bàbá rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Fọlárìn, mo mọ̀ pé o ò ṣe é."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀, sà?"

"Láti ọjọ́ tó o ti délé."

"Ẹ mọ̀? Ẹ wá lé mi kúrò ní ìjọ?"

"Ojú àwọn èèyàn ni mò ń wò. Díákónì ni mí."

Fọlárìn fún un lóògùn rẹ̀, ó tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, ó jáde. Ó dúró létí títì, ọkọ̀ ń dá dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń pè é, kò wọ ìkankan. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni bàbá kú.

Ó ti padà sí yunifásítì báyìí, láàárín àwọn tí ọmọ rẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n wọn. Ó ní nígbà mìíràn olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀, òun ò ní gbọ́ ohunkóhun. Ohun tí òun ìbá bi bàbá òun létí ibùsùn lọ́jọ́ yẹn ni òun á máa tò pọ̀.