Wọ́n Ní Mi Ò Kí Ọ̀gá

Inú ṣì ń bí mi. Kẹ́ni kẹ́ni má sọ fún mi pé ó ti pẹ́.

Ilé ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti múra sílẹ̀ fún ìntàfíù náà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oògùn ojú ní Ìkòròdú ló ń wá ẹni tí yóò máa yẹ oògùn wò bóyá kòkòrò àrùn wọ inú ẹ̀. Ohun tí mo kà ní yunifásítì gan-an nìyẹn, ó sì ti ń tì mí lójú láti máa jẹun ìyá mi. Ẹja ni Màmá ń yan. Èéfín ti ba ojú wọn jẹ́, oògùn ilé iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń kán sí i.

Ilé iṣẹ́ náà ní a máa ṣiṣẹ́ níṣojú àwọn lọ́jọ́ ìntàfíù. Mo bá ń fi dánra wò nílé: mo tan àbẹ́là dípò iná tó ń pa kòkòrò, mo fi abọ́ tó ní ọmọrí ṣe àwo tí à ń gbin kòkòrò sí. Òfin kan ló le jù: bí àwo bá ti ṣí, panu mọ́, torí itọ́ ẹnu èèyàn kún fún kòkòrò. Màmá á pè mí, n ò ní dáhùn.

"Ṣé o ti ya odi ni? Ìwé lo kà àbí àfojúdi?"

"Ẹ má bínú, Màmá, abọ́ ló ṣí."

"Abọ́ òfìfo yìí náà?"

Nígbà tó yá, Màmá fúnra wọn ló ń dán mi wò. Wọn á yọ́ wá sẹ́yìn mi, wọn á kígbe. N ò ní mira.

Ní Ìkòròdú, obìnrin aláṣọ funfun kan ń wo ọwọ́ mi. Iná ń jó, àwo ṣí. Ọ̀gá wọn bá já wọlé, kò bo ẹnu, ó na ọrùn sórí àwo mi.

"Ìwọ lọmọ Ẹ̀pẹ́ yẹn? Báwo ni?"

Mo tẹrí ba. Mo pa àwo dé, mo wá kúnlẹ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ojú ẹ̀ ti le.

"Kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ pe èyí tó kàn."

Èmi! Èmi tí mò ń kúnlẹ̀ kí èèyàn láti òdìkejì títì! Obìnrin aláṣọ funfun yẹn mọ̀ pé ohun tó tọ́ ni mo ṣe, bàtà ẹ̀ ló ń wò. Ojú tì í!

Mo délé, mo rò ó fún Màmá. Mo rò pé èébú ló kù. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú ìgò oògùn ojú jáde.

"Ó sọ̀rọ̀ sórí àwo tó ṣí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹnìkankan ò bá a wí?"

"Kò sẹ́nìkankan."

"Aúsùbílláì!"

Wọ́n sọ ìgò náà sínú ààrò, wọ́n sì padà sídìí ẹja wọn nínú èéfín.