Mo Ní Màá Wọ Ìbòmú Náà

Ikọ́ fée ṣe mí nígbà tí mo wà ní kékeré, ó sì ti fi mí sílẹ̀ kí n tó wọ girama. Èmi gbàgbé rẹ̀. Màmá mi ò gbàgbé. Tí òjò Warri bá ti ṣú báyìí, súẹ́tà ti dé nìyẹn. Bí mo bá rẹ́rìn-ín pẹ́, wọ́n á ní kí n rọra. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ tí kò lè mí dáadáa ni àwọn ìyá ìjọ mọ̀ mí sí, wọ́n á sì máa fojú àánú wò mí. Ẹ wò ó, kò sí ohun tó máa ń bí mi nínú tó ojú àánú yẹn.

Mo sì ti ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa nígbà náà o! Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo wà lára àwọn ọmọ tó ń gbaradì fún ìdíje ní Asaba, ní púùlù kan lọ́nà Ekurede-Urhobo. Kóòṣì wa jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sí Ugbuwangue, tó mọ odò kó tó mọ ilé ìwé. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ló bá mi bẹ màmá mi kí wọ́n tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Ọdún yẹn ni kóòṣì kó àwọn ìbòmú kan dé. Rọ́bà ni, ó ń bo imú àti ẹnu pọ̀, ihò tóóró kan ló wà níwájú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Orí ilẹ̀ la ti ń lò ó, kì í ṣe inú omi: a ó wọ̀ ọ́, a ó máa fo okùn, kóòṣì á dúró tì wá, á máa wo ojú wa. Ó ní bí afẹ́fẹ́ bá kéré, àyà á kọ́ láti fi díẹ̀ ṣe púpọ̀, àti pé ẹni tí kò bá ṣe é, kó má retí Asaba. Ó pín in kárí, ó fò mí dá.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó wolẹ̀. Ó ní màmá mi ti wá bá òun, wọ́n ní kí òun má dán an wò.

Inú bí mi, mo lọ fẹjọ́ sun bàbá mi. Bàbá mi mú mi lọ rí dókítà. Dókítà ní kí n sáré, kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà kan, ó gbọ́ àyà mi níwá lẹ́yìn, ó ní kò sí nǹkan kan, kí n máa ṣe é, kí ẹnì kan ṣáà máa wà nítòsí. Màmá mi ní dókítà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dákú mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Nílé wa, àwọn òbí á sọ Yorùbá, àwa ọmọ á fi Pijin dáhùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé e. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá fi Pijin sọ èyí, wọ́n á ní ẹnu Warri ló ń dà mí láàmú. Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ bí ọmọ tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Mi ò tọrọ nǹkan kan.

“Ẹ má bínú, mà. Màá wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ wá dúró tì mí, ṣùgbọ́n màá wọ̀ ọ́.”

Màmá mi, Ìjẹ̀bú paraku, tíṣà ni wọ́n, wọn kì í gbé ìjà jù sílẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, àwọn fúnra àwọn ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Ní Sátidé, tòun ti gèlè lórí, wọ́n gbé rọ́bà yẹn bọ imú. Wọn ò tíì rìn dé ìdajì etí púùlù tí wọ́n fi fà á yọ, wọ́n ń mí gúlegúle, wọ́n ní ṣé orí wa pé. Kóòṣì kọjú sí ògiri kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Mo gba ìbòmú lọ́wọ́ wọn, mo nù ún, mo wọ̀ ọ́, mo sì ń fo okùn níwájú wọn títí kóòṣì fi ní ó tó. Wọn ò jókòó. Láti ìgbà náà, Sátidé kan ò kọjá kí wọ́n má wá, ìdúró ni wọ́n sì máa ń wà.

Kí n má parọ́, ìbòmú ò sọ mí di ẹja. Eré mi nínú omi ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tó yí padà ni ìparí eré, ibi tí àyà ti ń gbóná, tí ẹ̀rù á máa sọ fún mi pé mo ti kú tán. Mo ti wá mọ ibẹ̀ dáadáa. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ikú, afẹ́fẹ́ ló kàn kéré, mo sì ń lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan wá, mẹ́ta ni wọ́n ń mú, mo sì ṣe ipò kẹta. Mo gòkè, mo di ògiri mú, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ọ. Màmá mi ti gbéra láti sáré wá, wọ́n bá dúró. Kóòṣì lọ bá wọn, ó rọra bi wọ́n bóyá wọ́n á jẹ́ kí n lọ sí Asaba. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀.

“Kí lẹ ń bi mí sí?” ni wọ́n wí. “Ẹ bi í. Òun ló ni àyà rẹ̀.”