Ẹ̀rọ Tí Mo Rà Lẹ́yìn Tí Ìyàwó Mi Kú

Nígbà tí ìyàwó mi kú, kò sí ohùn rẹ̀ kankan nínú ilé. Fọ́tò wà, aṣọ wà, bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohùn kò sí. Èmi gan-an kò kọ́kọ́ ronú kan ọ̀rọ̀ náà. Ìyá rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀.

Ilé ìkàwé yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Yàrá méjì la gbà ní àdúgbò Mayfair, èmi ọmọ Ìkìrun, òun ọmọ Òkèrèwè nínú Ifẹ̀ níbí. Ìdí orin la ti pàdé. Èmi ni mo ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, òun sì wà lára àwọn tó ń gbe ohùn kejì. Ohùn rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Bí ẹnì kan bá ṣìnà nínú orin, yóò kàn yíjú sí apá ibẹ̀ ni, ẹni náà á sì mọ ara rẹ̀.

A máa ń ṣe orin tiwa nílé, a sì fẹ́ gbà á sílẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà nílé ìgbohùnsílẹ̀ n'Ìbàdàn ju agbára wa lọ, la bá ní a ó ra ẹ̀rọ tiwa, ká máa lò ó nínú yàrá. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan wà nílé tó lè gba ohùn, ṣùgbọ́n ariwo tó máa ń bá ohùn wọnú rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń dín àkàrà. A dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó mi gbọ́ ọ, ó ní kí n pa á.

"Ẹ má fi èyí gba ohùn mi," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká dúró de èyí tó dáa."

Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí òótọ́ ló sọ. Mo gba ìwàásù inú rédíò lé orí kásẹ́ẹ̀tì náà, ohùn rẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì pa rẹ́. A wá ń dúró. Bí a bá fẹ́rẹ̀ẹ́ rówó jọ, nǹkan mìíràn á dé, tàbí kí owó ẹ̀rọ náà gan-an tún fò sókè. Kò bà wá nínú jẹ́ púpọ̀. A rò pé àyè wà.

Nílé ẹ̀kọ́ tí ìyàwó mi ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ni orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Wọ́n mú un wá sílé, mo gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì padà wálé. Dókítà tó bá mi sọ̀rọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé iṣan kan ló já nínú orí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé ibo ni kí n ti lọ gba ìró àti bùbá rẹ̀. Ó wò mí, ó ní kí n jókòó ná.

N kò sunkún. Àwọn ẹbí mi ti Ìkìrun dé, àwọn ẹbí rẹ̀ dé, wọ́n sin ín, wọ́n gbé oúnjẹ wá, mo jẹ ẹ́. Àwọn ará ìjọ ń sọ pé mo ṣe ọkùnrin. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ fi kú. Ó ń fojú rí ẹsẹ̀ náà, ó mọ̀ pé tòun ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kò ní mọ̀. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ń lu òǹtẹ̀ sórí ìwé, mo ń kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé ara le, mo ní ara le.

Ìyá rẹ̀ kò wá síbi ìsìnkú, nítorí òbí kì í rí ibojì ọmọ rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo èrò ti túká ló tó wá sí Mayfair, òun nìkan. Obì ló ń tà. Bí ó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, á gbìyànjú láti fi èdè Ifẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé àlejò ni mo jẹ́, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lára, Ifẹ̀ náà á tún padà sẹ́nu rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde. Ó jókòó sórí àga, ó wo àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó wà lórí tábìlì.

"Ǹjẹ́ o tilẹ̀ gba ohùn ọmọ mi sínú ìkankan nínú ìwọ̀nyí?"

"Rárá, mà."

"Kò sí rárá?"

"Kò sí, mà. À ń dúró de ẹ̀rọ tó dáa ni."

Kò bínú. Ì bá ṣe pé ó bínú, bóyá ǹ bá mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó kàn fi etí ìró rẹ̀ nu ẹnu. Nígbà tó ṣe, ó bèèrè bóyá owó tí a fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ṣì wà. Mo ní èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà. Ó ní kí n lọ rà á. Mo bi í pé kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe báyìí, ẹni tí a fẹ́ rà á fún ti lọ.

"Èmi náà ní ohùn," ni ìyá wí. "Mi ò sì ní dúró de èyí tó dáa."

Bó ṣe di pé mo ń wá ẹ̀rọ nìyẹn. Kì í ṣe pé ó wù mí. Ìyá ló ní kí n lọ, mo sì lọ, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n bá ní kí n lọ lákòókò yẹn.

Lágere ni mo kọ́kọ́ dé. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ta rédíò níbẹ̀ gbé ọ̀kan jáde fún mi, tuntun, onílé kásẹ́ẹ̀tì méjì, iná pupa àti àwọ̀ ewé ń jó lójú rẹ̀ bí orin ṣe ń lọ. Ó yí i sókè títí àwọn tó ń kọjá fi dúró. Ó ní gbogbo ohun tí mo fẹ́ ló ń ṣe. Mo ní kó jẹ́ kí n gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀. Ó ní báwo? Mo ní ká tẹ ibi ìgbohùn, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ó wò mí bóyá ara mi dá, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Nígbà tí a gbọ́ ọ padà, ẹ̀rọ náà ń kùn bí oyin inú igi. Ìyàwó mi ló kọ́ mi ní ọgbọ́n yẹn, pé ẹ̀rọ tó bá ń pariwo nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ kò ní sinmi nígbà tí a bá ń kọrin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà, mo jáde.

Níbi tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe ní Sábó, mo rí míkísà kékeré kan tí oníṣẹ́ náà ti tò pọ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè gba maikirofóònù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí wáyà kan wá ti ara rẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì. Kò kùn púpọ̀, owó rẹ̀ kò sì ga. Ṣùgbọ́n ojú kan náà, ìyẹn ọ̀nà kan ṣoṣo lórí téèpù, ni gbogbo ohùn ń lọ. Tí ẹnì kan bá ṣì í, gbogbo yín lẹ máa tún un kọ. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sanwó kí n lè lọ sùn. Oníṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló ní kí n lọ ronú ná, pé ojú mi kò jọ ojú ẹni tó ń rajà.

Orí pátákó ìkéde ní ilé ìkàwé wa ni mo ti rí ẹ̀kẹta. Olùkọ́ yunifásítì kan ń kó lọ sí òkè òkun, ó sì ń ta ẹrù ilé rẹ̀. Nínú ohun tó ń tà ni ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan wà tó lè gba ohùn mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí téèpù kan. O lè kọ ohùn àkọ́kọ́ lónìí, kí o máa gbọ́ ọ létí lọ́la, kí o sì kọ èkejì sí i. Irú rẹ̀ gan-an ni èmi àti ìyàwó mi máa ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún ìyá, ó ní a jọ ń lọ ni.

Ilé olùkọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Páálí ló kún inú pálọ̀, ibi tí fọ́tò wà tẹ́lẹ̀ lára ògiri mọ́ ju ibi tó kù lọ. Ó bọ̀wọ̀ fún ìyá, ó fi í jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó kù. Kí a tó bèèrè ohunkóhun ló ti sọ fún wa pé ojú kẹrin nínú ẹ̀rọ náà ti kú, kò gba ohùn mọ́, nítorí náà iye tó kọ síta kọ́ ni yóò gbà lọ́wọ́ wa. Mo ní kó jẹ́ ká gba ìdákẹ́jẹ́. A gbà á. Nígbà tí mo gbọ́ ọ padà, mo gbọ́ ẹyẹ kan lẹ́yìn fèrèsé, mo gbọ́ bí ìyá ṣe ń mí, kò sì sí nǹkan mìíràn.

Olùkọ́ gbé maikirofóònù sí iwájú ìyá, ó ní kó sọ ohun tó bá wù ú. Ìyá kò sọ̀rọ̀. Ó kọrin. Orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ ni, ní èdè Ifẹ̀, ó sì rọra kọ ọ́ bí ẹni pé ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ náà gbé hẹ́ẹ̀dfóònù wọ̀ ọ́ lórí gèlè, ó jẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀. Ìyá di etí hẹ́ẹ̀dfóònù náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ṣe díẹ̀, ó yíjú sí mi.

"Ìyá mi nìyí," ó ní. "Ohùn ìyá tó bí mi lọ́mọ nìyí. Mi ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló wà."

Ó ní kí èmi náà gbọ́. Mo gbọ́. Ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìyá máa ń já ohùn sílẹ̀ lọ́nà kan, bí ẹni tó gbé igbá sílẹ̀ tí kò fẹ́ kó dún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyàwó mi ṣe máa ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan ṣe mí. Mo dúró dè é, kò dé. Mo bọ́ hẹ́ẹ̀dfóònù, mo bi olùkọ́ bóyá wáyà iná ẹ̀rọ náà wà lára ohun tó ń tà. Ó ní ó wà lára rẹ̀. A sanwó. Èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, mo fi ra maikirofóònù kan tó dáa, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ń gbà wọlé. Bí ẹnu ọ̀nà bá ti bàjẹ́, kò sí ohun tí inú ilé lè ṣe sí i.

Láti ìgbà náà, ọ̀sán Sátidé ni ìyá máa ń wá sí Mayfair, bí iná bá wà. Màá gbé bẹ́ẹ̀dì dúró ti fèrèsé kí ariwo ọ̀nà má wọlé, màá ti ilẹ̀kùn, ooru á sì mú wa. Ìyá á kọ orin oko, á kọ orin ìgbéyàwó ayé àtijọ́, nígbà mìíràn á kàn pa ìtàn bí wọ́n ṣe fi òun fún ọkọ. Nígbà tí mo fi hàn án pé ó lè gbe ohùn kejì sí ti ara rẹ̀, ó kọ́kọ́ rò pé mò ń tan òun. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó ń gbọ́ ara rẹ̀ létí, ó ń gbè é, orí rẹ̀ ń mì. Ó ní òun kò rí ẹni tó bá òun kọrin báyìí rí láti ìgbà tí àbúrò òun ti kú.

Ojú kẹta ṣì ṣófo. Ó ní kí n fi kíbọ́ọ̀dù sí i. Mo ní n kò lè ṣe é. Kò bẹ̀ mí, ó ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tún wá, mo ti tan kíbọ́ọ̀dù kó tó jókòó. Mo tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò ṣì í níbì kankan. Ìyá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dára," ó ní. "Ó tutù, ṣùgbọ́n ó dára. Má pa á rẹ́."

N kò pa á rẹ́.

Nígbà tí téèpù kan kún, ó ní kí n gbé e wá sí Òkèrèwè kí àwọn ará ilé gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni, wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá, àwọn àbúrò ìyàwó mi wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé náà jókòó. Mo tan án. Gbogbo wọn fetí sí i títí ó fi dé ibi kan nínú orin ìgbéyàwó. Ìyá gbé ọwọ́ sókè, ó ní irọ́ ni, ẹni yẹn kò mọ orin náà, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ní òun mọ̀ pé òun ni, òun ń bá a wí ni. Ó wá ń kọ èyí tó tọ́ lé e lórí, ìyá inú ẹ̀rọ ń bá tirẹ̀ lọ, kò gbọ́, ìyá orí ẹní náà kò gbà fún un, ó ń pariwo sí i kó dúró ná. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin kan láàárín wọn, mo wò yíká kí n rí ẹni tó ni ín, kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Wọ́n bu oúnjẹ fún mi, ata pọ̀ nínú ọbẹ̀ náà, mo sì bèèrè omi. Nígbà tí mo jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ara mi ti tún kú padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo wẹ̀, mo lọ síbi iṣẹ́. Ìyá ti ní kí n ra téèpù òfìfo mìíràn, nítorí náà mo ya Lágere nígbà tí mo ń bọ̀, mo rà á.